Aròkọ Tí A Yọ Orúkọ Kúrò Lára Rẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti sọ níbí pé aròkọ mi dé ipele ìkẹyìn nínú ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ anthropology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìṣe àti àṣà ẹ̀dá, àwọn àbúrò wa ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀ kò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Ṣé a ń sanwó kí wọ́n tó gba aròkọ ni? Ta ló lè díje? Ṣé owó ńlá ni ẹ̀bùn náà? Ẹ jẹ́ kí n yára dáhùn ìwọ̀nyí, nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà nínú mi.

Ẹ̀bùn aròkọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tiwa. American Anthropological Association, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1902, ní ẹ̀ka rẹpẹtẹ lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló sì ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa Áfíríkà ní ti Bennetta Jules-Rosette, obìnrin tó kọ̀wé lórí ìjọ àwọn Àpọ́sítélì ti John Maranke. Bó bá jẹ́ ìlera àti àìsàn lo ń kọ nípa rẹ̀, ti Charles Hughes wà. Ti Richard Condon wà fún àwọn tó ń wo ọkàn àti ìrònú ẹ̀dá. Àárín àwọn Inuit ní ìhà àríwá Kánádà ni Condon fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ Látìn Amẹ́ríkà àti Kàríbíánì ní Roseberry-Nash. Èyí tí èmi díje fún, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí àwọn adájọ́ kọ sí mi ni mo fẹ́ sọ, wọn ò sì kọ ọ́ kí n máa polongo rẹ̀ káàkiri.

Òfin wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. O gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé, iye ojú ìwé ní ààlà, aròkọ náà kò sì gbọdọ̀ tíì jáde níbòmíràn. Àwọn kan ní kí o kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́, owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san sì kéré sí ti olùkọ́. Àwọn mìíràn kò béèrè. Òfin ọdún tí o fẹ́ díje ni kí o kà, má ka ti èṣí. Owó ẹ̀bùn náà kì í tó nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ fi ra ilẹ̀, kó yáa wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ó tán. Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kù.

Kí àwọn adájọ́ má bàa mọ ẹni tó kọ aròkọ, wọ́n ní kí a yọ orúkọ wa, orúkọ fásitì wa, orúkọ ọ̀gá tó ń tọ́ iṣẹ́ wa sọ́nà, àti ohunkóhun tó lè tú wa fó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ fásitì olórúkọ ńlá á ti gba ìdajì máàkì kí wọ́n tó ka ìlà kìíní. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ yọ ara mi kúrò nínú aròkọ tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni orí àti ìrù rẹ̀?

Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n, ti ń gba àjọ ní ọjà Bódìjà kí n tó gbọ́njú. Ìsọ̀ àwọn alátà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á yà sọ́dọ̀ àwọn alálùbọ́sà, wọ́n á já sí ìdí àwọn ẹlẹ́lùbọ́. Báàgì kékeré lọ́rùn, ìwé ńlá lábẹ́ abíyá. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí wọ́n fa ilé ọgbọ̀n-lé-kan sí, ilé kan fún ọjọ́ kan. Ẹlòmíràn ń dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lójúmọ́, ẹlòmíràn ẹgbẹ̀rún kan, bí agbára bá ṣe mọ. Bí oṣù bá parí, Màmá á kó owó fún olówó, wọ́n á yọ ti ọjọ́ kan fún wàhálà ara wọn. Èsúsú ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ ló ń dá a, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀ lóṣù yìí, ẹlòmíràn á kó lóṣù tó ń bọ̀, títí á fi kárí. Màmá ni olórí èsúsú kan lọ́jà náà pẹ̀lú. Ẹ ti mọ gbogbo èyí. Ta ló dàgbà n'Ìbàdàn tí kò mọ alájọ kan?

Oṣù kìíní ọdún 2023 ni mo wọ Bódìjà fún iṣẹ́ pápá mi. Ohun tí mo bá lọ yàtọ̀ sí ohun tí mo bá níbẹ̀. Mo fẹ́ kọ nípa bí àwọn obìnrin ọjà ṣe ń fi owó àjọ rán ọmọ níléèwé, ni ọ̀rọ̀ owó tuntun bá gba ìlú kan. Báńkì àpapọ̀ ti kéde láti oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé àwọn máa pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ni owó àtijọ́ máa kú. Wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Owó àtijọ́ wọ báńkì, owó tuntun kò jáde. Ẹ rántí bó ṣe rí: àwọn èèyàn ń tò sẹ́nu ẹ̀rọ ATM láti ìdájí, à ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS, transfer á kúrò lọ́wọ́ rẹ, kò ní dé ọwọ́ ẹni tí o fi ránṣẹ́ sí. Àwọn èèyàn tú síta n'Ìbàdàn, wọ́n tú síta l'Ábẹ́òkúta. Ó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó ní kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí ọdún á fi parí.

Nínú oṣù kejì yẹn, bí mo ṣe ń tẹ̀lé Màmá kiri, a dé ìsọ̀ oníròdo kan tí mo pè ní Ìyá Káfílá nínú aròkọ. Ó ní òun kò ní kọ́bọ̀ tó ṣeé fọwọ́ dì mú. Wọ́n ti fi transfer ra ata lọ́wọ́ òun láti àárọ̀, kò sí èyí tó wọlé. Màmá wo káàdì rẹ̀, wọ́n wo ojú rẹ̀. Báírò búlúù ni wọ́n máa ń lò láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n tọwọ́ bọ báàgì, wọ́n yọ báírò pupa, wọ́n sàmì sí ilé ọjọ́ náà.

Wọ́n ní, "O ti dá a. Ó kù kí owó náà mọ ọ̀nà ilé."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, pupa ti wà lára káàdì gbogbo ọjà. Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ mọ nìyẹn, pé alájọ ń ṣàánú oníbàárà rẹ̀. Àfi bí Ìyá Káfílá ṣe mú káàdì yẹn lọ sọ́dọ̀ alálùbọ́sà kan tí kò bá a tà rí, tó ní kó gbé àpò kan fún òun láwìn. Obìnrin náà gba káàdì, ó ní kó mú ti oṣù tó kọjá náà wá. Ó fi ìka ka àwọn àmì búlúù níkọ̀ọ̀kan, ó dé orí àwọn pupa, ó dúró, ó wá ní kí alábàárù wá gbé àpò. Mo béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n tó. "Ẹni tí alájọ lè sàmì fún láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni èmi fẹ́ máa bẹ̀rù?"

Ibẹ̀ ni aròkọ mi ti bẹ̀rẹ̀. Owó ò sí nílùú, àmì owó ń ná lọ́jà.

Àwọn àgbà iṣẹ́ wa ti rin ojú ọ̀nà yìí ṣáájú mi. Sámúẹ́lì Johnson sọ̀rọ̀ nípa èsúsú nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. William Bascom, ẹni tó gbé n'Ífẹ̀ lọ́dún 1937 sí 1938, kọ aròkọ kan lórí èsúsú tó jáde lọ́dún 1952. Kò pé ojú ìwé mẹ́wàá, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń kọ nípa irú ọ̀rọ̀ yìí tó lè fò ó. Clifford Geertz, tó ṣe ìwádìí tirẹ̀ ní erékùṣù Java, ló wá sọ lọ́dún 1962 pé àkàbà àárín ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Àwọn ará oko á fi gòkè dé ọ̀dọ̀ ọrọ̀ ajé òde òní. Bí báńkì bá sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọn ò ní nílò rẹ̀ mọ́. Ní 1964, Shirley Ardener kó àpẹẹrẹ jọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún Geertz gan-an, ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ní Bódìjà lóṣù kejì ọdún 2023, báńkì ló tilẹ̀kùn, alájọ ló ń kiri ìsọ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, Geertz ló wà lẹ́nu ọ̀nà, Bascom tẹ̀lé e, Ardener jókòó tì wọ́n. Bí a ṣe ń kọ orí ìwé ìwádìí ni: o gbọ́dọ̀ kí gbogbo àgbà kí o tó lanu. Ọ̀gá mi kà á, wọ́n ní kí n kó àwọn àgbà wọ yàrá, kí n jẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ rí báírò pupa. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n kó òkìtì aròkọ fún ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, tó ní ọmọ, tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́rùn, kò ní dúró de báírò títí di ojú ìwé kejìlá. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì dùn mí láti yọ nǹkan kúrò. Ẹni tó ń ka orí ìwé ìwádìí rẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n sanwó fún un láti fara dà á. Adájọ́ ìdíje kò jẹ ọ́ ní gbèsè kankan. Bí ó bá sú u ní ojú ìwé kẹta, ó ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Trinidad ló kọ́kọ́ ka èyí tí mo tún kọ. Susu ni wọ́n ń pe tiwọn níbẹ̀, Melville Herskovits, onímọ̀ anthropology, àti ìyàwó rẹ̀ ti kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé wọn lórí abúlé kan ní Trinidad lọ́dún 1947. Kò béèrè ohunkóhun nípa báírò pupa. Ohun tó béèrè ni pé ta ni Màmá kọ̀ láti sàmì fún. Mo ní ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo fi kún un, ó sì wà lára ibi tó dára jù nínú aròkọ náà: àwọn méjì kan wà tí wọ́n ti fìgbà kan gba owó ṣíwájú tí wọn ò yọjú mọ́ títí oṣù fi kú. Báírò pupa kò kàn wọ́n.

Kí n padà sórí orúkọ. Orúkọ tèmi nìkan kọ́ ni wọ́n ní kí n yọ. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí à ń ṣèwádìí lọ́dọ̀ wọn, ní fásitì mi, ti ní kí n pààrọ̀ orúkọ gbogbo ẹni tó bá bá mi sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ wọn má bàa kó bá wọn. Àwọn alátà gbà láìjanpata. Àwọn kan tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fún ara wọn lórúkọ oyè. Màmá ló fárígá. Mo ṣàlàyé fún wọn lórí fóònù, wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n wá ní:

"Àṣàkẹ́, kí ni mo jí?"

Mo ní wọn ò jí nǹkan kan, mà.

"Ṣé mo kó owó olówó sá lọ ni?"

Mo ní rárá o, mà.

"Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti ń gun kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń gba àjọ lọ́jà yìí. Orúkọ mi ni wọ́n mọ̀ tí wọ́n fi ń kówó fún mi. Ìwọ wá fẹ́ gbé mi dé Amẹ́ríkà, kí o má dárúkọ mi níbẹ̀? Ṣé ìwọ ló bí mi tí o fẹ́ sọ mí lórúkọ?"

Ẹ bá mi dáhùn. Nínú gbogbo kíláàsì tí a ti jókòó sọ̀rọ̀ lórí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ wa ní ohun tí a ó sọ fún alájọ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ gbogbo ọjà tó ń tà. Ẹni tí kò lórúkọ kò lè gba àjọ. Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ náà, mo ní obìnrin yìí fẹ́ kí a dárúkọ òun. Wọ́n ní kò burú bó bá jẹ́ òun nìkan, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ alájọ, gbogbo ẹni tó wà lọ́jà ló máa mọ àwọn oníbàárà rẹ̀, títí kan àwọn méjì tí kò sàmì fún. Ìyẹn ni mo gbé padà fún Màmá, wọ́n sì dákẹ́ fúngbà díẹ̀, nítorí alájọ tòótọ́ kì í tú àṣírí oníbàárà. Wọ́n ní ó dáa, àwọn ni yóò fún ara wọn lórúkọ, èmi kọ́. Owólabí ni wọ́n mú. Owólabí náà ni wọ́n sì jẹ́ láti ojú ìwé kìíní dé òpin.

Ó wá ku tèmi. Ẹgbẹ́ mi kan ní kíláàsì ní kí n kọ ọ́ bí ẹni pé àjèjì ni mo jẹ́ sí Owólabí, pé bí mo bá ti kọ ọ́ pé ẹbí ni wá, àwọn adájọ́ á mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni mí, iye wa tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ yìí kò sì pọ̀ tí wọn ò fi ní mọ̀ mí. Mi ò gbà. Kò sí alájọ kan ní gbogbo Ìbàdàn tí yóò ṣí ìwé ńlá rẹ̀ fún àjèjì kó máa ka iye tí oníkálùkù ń dá. Ìdí tí mo fi rí ohun tí mo rí ni pé mo jẹ́ ọmọ wọn. Ẹni tó bá ń ka aròkọ náà sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ọ́n, kó lè díwọ̀n ohun tí mo wí. Mo kọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo pé ẹbí olùwádìí ni alájọ náà, mo sì kọjá. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ mí, kí wọ́n mọ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ Fádípẹ̀ wà lọ́kàn mi nígbà náà. Nathaniel Akínrẹ̀mí Fádípẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kọ ìwé ìwádìí ọ̀mọ̀wé lórí àwọn Yorùbá ní London School of Economics, ó parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1939. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn náà ni Jomo Kenyatta, ẹni tó wá di ààrẹ Kenya, ti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Malinowski, àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n anthropology. Ìwé tí Kenyatta kọ nípa àwọn Gĩkũyũ, àwọn èèyàn tirẹ̀, jáde lọ́dún 1938, Malinowski ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ti Fádípẹ̀ kò jáde, bí wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ náà ló wà lórí pẹpẹ ìwé. Ó kú lọ́dún 1944. Ọdún 1970 ni Ibadan University Press tó gbé e jáde, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ méjì tí wọ́n ń jẹ́ Òkédìjí tún un ṣe. Bí mo bá gbọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní òun kò ráyè ìdíje, pé ìwé ìwádìí òun lòun gbájú mọ́, pẹpẹ yẹn ni mo máa ń rántí.

Mi ò gba ipò kìíní. Wọ́n dárúkọ aròkọ mi mọ́ àwọn tó yẹ fún ìyìn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ránṣẹ́. Inú mi bàjẹ́ fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jẹ ẹ̀bà, mo sùn. Láàárọ̀ ni mo wá ka ọ̀rọ̀ wọn dáadáa.

Ẹnì kan nínú wọn ní mo gbé ìjà ko Geertz lórí ohun tí Geertz kò sọ: ẹgbẹ́ tí owó ń yí kiri láàárín wọn ló ń sọ, àjọ ojoojúmọ́ tí ẹnì kan ń gbà tó sì ń dá padà kì í ṣe irú rẹ̀. Mo ní ohun tí mo lè fi fèsì, nítorí èsúsú tí Màmá ń ṣolórí rẹ̀ náà kò dúró lóṣù yẹn, ẹni tó kàn láti kó sì gba ìdajì owó àti ìdajì àmì. Ṣùgbọ́n mi ò fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ nínú aròkọ. Ó ti wà nínú rẹ̀ báyìí.

Ẹnì kejì kọ ìlà kan péré: "Ta ló ń bá alájọ tọ́jú owó tirẹ̀?"

Mo pe Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi húkọ́. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n lẹ́ni tó béèrè yẹn, kí lorúkọ rẹ̀? Mo ní mi ò mọ̀, mà, wọn kì í jẹ́ kí a mọ orúkọ wọn, àwọn náà ò mọ tiwa.

"Ẹ̀yin ẹlẹ́yìí! Ṣé ẹ kì í dárúkọ ara yín ni?"

Wọ́n wá là mí lóye. Àwọn náà ń dá àjọ, lọ́dọ̀ alájọ mìíràn ní Ọjà Ọba. Alájọ Ọjà Ọba ń dá tirẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Àlẹ́ṣinlóyè. Lóṣù kejì ọdún 2023, ibẹ̀ ni owó tí a lè fọwọ́ kàn ti ń gba abẹ́ ilẹ̀ kiri: ọjà aṣọ rí díẹ̀, ó fi ran ọjà ata, ọjà ata rí díẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ó dá a padà. Kò sí ìwé kankan láàárín wọn. Báírò pupa tí mo rí ní Bódìjà, Ọjà Ọba ni Màmá ti kọ́ ọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa rẹ̀; ọ̀rọ̀ yẹn ló máa gba orí kẹrin ìwé ìwádìí mi, bí àwọn obìnrin mẹ́ta náà bá gbà.

Ẹ̀yin àbúrò mi ní ẹ̀ka Archaeology and Anthropology ní Ìbàdàn, àti ẹ̀yin ti Sociology and Anthropology n'Ífẹ̀: bí ẹ bá ní aròkọ tí ẹ fẹ́ fi díje, ẹ fi ojú ìwé méjì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi nìkan. Mi ò ní ka èyí tí Geertz bá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.